Blériot XI àti Àwọn Awakọ̀ Òfuurufú Tó Fi Í Gba Òkìkí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Bàálù kan ṣoṣo ni àwọn ìbéèrè wọ̀nyí dá lé lórí, ìyẹn Blériot XI ti ilẹ̀ Faransé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n nítorí òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fò kọjá lọ́dún 1909, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi ṣe lẹ́yìn ọdún náà ló mú kí ìtàn rẹ̀ kún. Nítorí náà, a ó fún ẹni tó ṣe é ní ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i, a ó sì pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó rà á, tó yá a, tó sì kú sínú rẹ̀.

Irú bàálù wo ni Blériot XI?

Bàálù kékeré tó ní ìpele ìyẹ́ kan ṣoṣo ni, nígbà tó jẹ́ pé ìpele ìyẹ́ méjì ni ọ̀pọ̀ bàálù ìgbà náà ń gbé lérí ara wọn. Ẹnì kan péré ló lè jókòó nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kàn. Igi ni egungun rẹ̀, wọ́n sì fi wáyà fà á láti igun dé igun kí ó má baà yẹ̀. Wọ́n fi aṣọ bo ìyẹ́ àti iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ títí dé ìdí ìrù, ìhòòhò ni igi àti wáyà náà wà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè wo òdìkejì já. Ìyẹ́ rẹ̀ kò fẹ̀ tó mítà 8 láti ṣóńṣó kan dé èkejì, gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 7 àti ààbọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ láìsí awakọ̀ àti epo sì jẹ́ nǹkan bíi kílò 230. Àwọn alùpùpù ńlá kan wà lóde òní tó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ni Louis Blériot, àwọn wo ló sì ràn án lọ́wọ́?

Wọ́n bí Louis Blériot ní ìlú Cambrai, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1872. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Paris, ó sì di olówó nípa ṣíṣe iná iwájú fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Gáàsì kábáìdì, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa ń tàn sórí lọ sígbó lóru, ni iná náà ń jó. Owó tó rí níbẹ̀ ló ń ná sórí bàálù, owó náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí pé nọ́ńbà 11 (XI) tó wà lára orúkọ bàálù yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́: mẹ́wàá mìíràn ti ṣáájú rẹ̀. Àwọn kan kò gbéra rárá, àwọn kan já lulẹ̀, àwọn kan kò sì rìn jìnnà.

Orúkọ Blériot nìkan ló wà lára bàálù náà, bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí tirẹ̀, ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta ni a lè tọ́ka sí lára rẹ̀. Raymond Saulnier, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó tún wá dá ilé iṣẹ́ bàálù Morane-Saulnier sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn, kópa ńlá nínú yíya àwòrán rẹ̀. Alessandro Anzani, ará Ítálì tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì alùpùpù ní Faransé, ló ṣe ẹ́ńjìnnì tó fi kọjá òkun. Lucien Chauvière ló gbẹ́ abẹ̀bẹ̀ onígi tó wà níwájú rẹ̀ tó ń fà á lọ, abẹ̀bẹ̀ náà sì dára ju ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn akẹgbẹ́ wọn ní lọ. Wọ́n ṣe àfihàn bàálù náà ní Paris ní oṣù Kejìlá ọdún 1908, ó sì kọ́kọ́ fò ní pápá Issy-les-Moulineaux ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1909. Ẹ́ńjìnnì mìíràn ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí èyí kò tẹ́ wọn lọ́rùn ni wọ́n fi ti Anzani rọ́pò rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wà á?

Ọ̀pá ìdarí kan wà láàárín orókún awakọ̀. Bí ó bá tì í síwájú tàbí tó fà á sẹ́yìn, imú bàálù á dorí kọ ilẹ̀ tàbí kó gbé sókè. Bí ó bá sì tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wáyà á lọ́ etí ìyẹ́ ní apá kan kí bàálù lè tẹ̀ sí ìhà tó fẹ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń darí ìrù. Ètò yìí, ọ̀pá lọ́wọ́ àti ìrù lẹ́sẹ̀, ni ọ̀pọ̀ bàálù kékeré ń lò títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń lọ́ ìyẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n kan tí àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń gbójú fò ni ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn táyà méjì tó wà níwájú lè yí sọ́tùn-ún àti sósì fúnra wọn, rọ́bà sì ń gba ìkanlẹ̀ wọn, nítorí náà bàálù yìí lè balẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́ láìfi orí sọlẹ̀. Ní ti ẹ́ńjìnnì Anzani, sìlíńdà mẹ́ta ló ní, agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 25, ó máa ń tutọ́ òróró sí awakọ̀ lára, ó sì máa ń gbóná jù lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kọjá òkun ní láti jẹ́ aláyà líle, tàbí ẹni tí kò ní owó mìíràn tó lè ná mọ́. Àwọn méjèèjì ni Blériot.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1909?

Ìwé ìròyìn Daily Mail ti ìlú London ti ṣe ìlérí ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn fún ẹni tó bá kọ́kọ́ fi bàálù kọjá omi tó pààlà sáàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín yíyọ oòrùn àti wíwọ̀ rẹ̀. Hubert Latham ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yóò gbà á. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje, ó gbéra nínú bàálù rẹ̀ tó ń jẹ́ Antoinette, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì balẹ̀ sórí omi láìfarapa, títí ọkọ̀ ojú omi fi dé gbé e. Wọ́n ránṣẹ́ mú bàálù mìíràn wá fún un kíákíá, ìdíje sì wá di ti ẹni tí afẹ́fẹ́ bá kọ́kọ́ gbà láyè.

Blériot dé etíkun Calais ní ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí iná ti jó nínú ìjàǹbá kan ní oṣù yẹn kan náà, ọ̀pá ló sì fi ń rìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 25, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Ó kọ́kọ́ fò yí ká láti dán ẹ̀rọ wò, ó balẹ̀, ó dúró de oòrùn, ó sì gbéra láti Les Baraques ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 41. Kò ní kọ́ńpáàsì. Ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka ibi tí Dover, ìlú etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà hàn òun, ó sì kọrí síbẹ̀. Ọkọ̀ ogun ojú omi Escopette ti ṣáájú lójú òkun láti tọ́ ọ sọ́nà, Alice ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bàálù náà yára jù ú lọ, ó sì fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò rí ilẹ̀, kò rí ọkọ̀, omi nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí etíkun Gẹ̀ẹ́sì yọ, ó rí i pé atẹ́gùn ti gbé òun yẹ̀ kúrò lọ́nà sí apá ìlà-oòrùn Dover. Ó yí padà, ó ń tẹ̀ lé etíkun, títí tó fi rí Charles Fontaine, oníròyìn kan láti Faransé, tó ń ju àsíá orílẹ̀-èdè wọn ní pápá kan nítòsí Dover Castle, níbi tí wọ́n ti fi àdéhùn sí pé yóò balẹ̀. Atẹ́gùn ń yí i gbirigbiri, ó pa ẹ́ńjìnnì nígbà tó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀, ó sì já lulẹ̀ débi pé abẹ̀bẹ̀ àti ẹsẹ̀ bàálù náà kán. Òun fúnra rẹ̀ kò fara pa. Gbogbo ìrìn náà gbà á tó ìṣẹ́jú 36 lé díẹ̀. Latham kò tíì gbéra rárá ní apá kejì òkun. Nígbà tó fi ṣe tán, afẹ́fẹ́ ti le jù.

Ṣé òun ni ènìyàn àkọ́kọ́ tó fò kọjá omi náà? Ṣé ìrìn rẹ̀ ló sì jìn jù lọ nígbà náà?

Rárá sí méjèèjì. Jean-Pierre Blanchard àti John Jeffries ti fi bàlúùnù kọjá níbẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 1785. Ní ti jíjìn, Wilbur Wright ti fò fún wákàtí méjì lé díẹ̀ láìbalẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé kan náà, ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1908. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé orí pápá kan náà ni Wright ń yí po, Blériot sì gbéra ní orílẹ̀-èdè kan, ó balẹ̀ sí òmíràn. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti ń fi òkun ṣe odi láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ló kọ́kọ́ lóye ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ààbò wọn.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ya lọ rà á?

Wọ́n gbé bàálù náà lọ sí ilé ìtajà Selfridges ní London fún ìwòran, èrò sì wọ́ lọ síbẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, iye bàálù tí wọ́n bẹ̀ kí Blériot ṣe ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Òkìkí nìkan kọ́ ló fà á. Bàálù yìí rọrùn láti tú palẹ̀ àti láti tò padà, káfíńtà tó gbọ́ṣẹ́ sì lè tún ìyẹ́ tó kán ṣe. Blériot dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Pau àti Étampes, àti ní Hendon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ wa bàálù tí wọ́n ti gé ìyẹ́ rẹ̀ kúrú kí ó má lè fò, á máa sáré kiri orí pápá títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì Gnome tí àwọn ará ilé Seguin ṣe rọ́pò ti Anzani. Gbogbo ara ẹ́ńjìnnì yìí ló ń yí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń tù ú. Agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 50 nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù. Láti ìgbà náà ni bàálù yìí ti di ohun tó lè rìnrìn àjò gidi.

Ta ni Jorge Chávez?

Paris ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1887, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Peru ni àwọn òbí rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1910, ó fi Blériot gòkè dé mítà 2,652, gíga tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi bàálù dé rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ó gbéra láti Brig ní Switzerland láti kọjá àwọn òkè Alps gba ti Simplon lọ sí Ítálì. Òtútù, ìjì àárín àpáta àti ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló wà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì kọjá. Nígbà tó ń balẹ̀ ní Domodossola, tó kù bíi mítà 20 kó kanlẹ̀, ìyẹ́ bàálù náà ká, ó sì já. Ó kú ní ọjọ́ 27. Ẹni tó bá wọ bàálù lọ sí Lima, olú ìlú Peru, lónìí, pápákọ̀ òfuurufú tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló máa balẹ̀ sí.

Ǹjẹ́ ẹlòmíràn wà tí orúkọ rẹ̀ kù sí ara pápákọ̀?

John Moisant, ará Amẹ́ríkà, wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fara sin. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1910 ló fi Blériot oníjòkòó méjì gbé Albert Fileux, mẹkáníìkì rẹ̀, kọjá omi láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó gbé èrò kọjá níbẹ̀ nínú bàálù ṣáájú rẹ̀. Wọ́n mú ológbò kan dání. Moisant kú nínú Blériot nítòsí New Orleans ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà. Lẹ́tà MSY tí wọ́n ń kọ sára ẹrù ẹni tó ń lọ sí New Orleans títí di òní ti inú orúkọ rẹ̀ jáde, nítorí Moisant Stock Yards ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀.

Harriet Quimby ńkọ́?

Oníròyìn ni Quimby kó tó di awakọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1911, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, aṣọ sátíìnì aláwọ̀ àlùkò tó máa ń wọ̀ fò sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn tètè dá a mọ̀. Ó rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó yá Blériot kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 50, ó sì pinnu láti jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó máa fúnra rẹ̀ wa bàálù kọjá omi náà. Gustav Hamel, ọ̀jáfáfá awakọ̀ ìgbà náà, kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo kọ́ńpáàsì. Hamel yìí kan náà ló ti dábàá tẹ́lẹ̀ pé òun lè wọ aṣọ rẹ̀ kí òun sì bá a fò ó, kí wọ́n wá pààrọ̀ ara wọn nígbà tí òun bá balẹ̀. Quimby kọ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1912, ó gbéra láti Dover wọ inú kùrukùru, kọ́ńpáàsì náà nìkan ló ń wò, ó sì balẹ̀ sí etíkun Hardelot ní Faransé lẹ́yìn wákàtí kan ó dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà ni ọkọ̀ Titanic rì. Ìwé ìròyìn díẹ̀ ló ráyè fún un. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún yẹn, nítòsí Boston, Blériot oníjòkòó méjì tó ń wà ṣàdédé dorí kodò, òun àti William Willard tó gbé sì já bọ́, nítorí pé wọn kò de ara wọn mọ́ ìjókòó. Bàálù náà fúnra rẹ̀ rọra lọ balẹ̀ sínú ẹrẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Lójú tiwa, nínú gbogbo àwọn awakọ̀ yìí, òun ni wọ́n rẹ́ jẹ jù lọ nínú pípín òkìkí.

Ǹjẹ́ wọ́n lò ó lójú ogun?

Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ítálì ń bá àwọn ará Turkey jà ní Líbíà, Carlo Piazza, ọ̀gá kan nínú àwọn ọmọ ogun Ítálì, fi Blériot XI gbéra ní Tripoli ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1911 láti lọ wo ibi tí ọ̀tá tẹ̀dó sí. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lo bàálù fún iṣẹ́ alamí nínú ogun. Bọ́ǹbù kò pẹ́ tẹ̀ lé e: ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, Giulio Gavotti ju díẹ̀ sílẹ̀ láti inú bàálù irú mìíràn. Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń lo Blériot fún alamí nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ayé fi já a sílẹ̀.

Kí ló fà á tí ìyẹ́ rẹ̀ fi ń ká?

Léon Delagrange, ọ̀kan lára àwọn awakọ̀ tó lórúkọ jù ní Faransé, ló kọ́kọ́ fi ẹ̀mí ṣàlàyé rẹ̀: ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1910, ìyẹ́ Blériot tó ń wà kán nítòsí Bordeaux. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé wáyà ìsàlẹ̀ tó ń di ìyẹ́ mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e sókè jù ni kò lágbára tó. Blériot fúnra rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì fi tó ìjọba létí lọ́dún 1912 pé wáyà òkè ni àìsàn wà. Nígbà tí bàálù bá ń dorí kọ ilẹ̀ kíákíá, afẹ́fẹ́ lè ti ìyẹ́ láti òkè wá, wáyà òkè tí wọ́n rò pé ìwọ̀n ìyẹ́ lórí ìdúró nìkan ló ń gbé kò sì lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Faransé dá gbogbo bàálù onípele kan dúró títí wọ́n fi tún wọn ṣe. Oníṣòwò tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àléébù ọjà rẹ̀ fún ẹni tó ń rà á jù lọ kò wọ́pọ̀, a sì ka èyí sí iṣẹ́ rere Blériot ju kíkọjá òkun lọ.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fi í yí òbìrí lójú ọ̀run?

Òótọ́ ni: bàálù á gbé imú sókè, á doríkodò, á sì yí padà bọ̀ sípò. Ẹni tó gba orúkọ rẹ̀ ni Adolphe Pégoud, tó ń dán bàálù wò fún Blériot. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1913, ó fi páráṣúùtù bẹ́ jáde láti inú Blériot àtijọ́ kan. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo bàálù tó fi sílẹ̀ bí ó ti ń dà ara rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún láìsí awakọ̀, ó sì rò ó pé bí bàálù bá lè ṣe èyí fúnra rẹ̀, ènìyàn lè mú un ṣe é. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, ó fò ní doríkodò. Ní ọjọ́ 21, ó yí òbìrí lójú èrò ní Buc. Pyotr Nesterov ti yí tirẹ̀ ní Kiev ní ọjọ́ 9 oṣù kan náà, nínú bàálù Nieuport, nítorí náà Pégoud kọ́ ló ṣe àkọ́kọ́, bí àwọn kan ṣe ń sọ. Wọ́n yin Pégoud pa ní ojú ogun ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1915. Wọ́n ní ará Jámánì tó pa á ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí.

Ta ló fi í rin ìrìn tó jìn lórí òkun ju ti Blériot lọ?

Tryggve Gran, ará Norway tó wà lára àwọn tó wá òkú Scott, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ ṣàwárí ìpẹ̀kun gúúsù ayé, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí nínú yìnyín Antarctica lọ́dún 1912. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1914, ó gbéra láti Cruden Bay ní Scotland nínú Blériot tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 80, ó sì balẹ̀ sí Jæren ní Norway lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin lé díẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ fi bàálù kọjá Òkun Àríwá. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ilẹ̀ Yúróòpù gbiná, ohun tí Titanic ṣe fún Quimby sì ni ogun ṣe fún òun náà.

Níbo ni a ti lè rí i lónìí?

Bàálù tó kọjá òkun lọ́dún 1909 gan-an wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Arts et Métiers ní Paris. Ti Gran wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Oslo. Ní Dover, wọ́n fi òkúta ya àwòrán bàálù náà sílẹ̀ ní ibi tó balẹ̀ sí. Ní apá kejì omi, Les Baraques ti ń jẹ́ Blériot-Plage. Méjì tó ṣì ń gbéra wà: ọ̀kan ní Old Rhinebeck ní ìpínlẹ̀ New York, èkejì ní Old Warden ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àkójọ Shuttleworth wà. Ti Old Warden yìí, tí wọ́n kàn lọ́dún 1909, ni wọ́n kà sí bàálù tó dàgbà jù lọ nínú àwọn tó ṣì lè fò pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ti wà lára rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kó ṣe ju kó fò díẹ̀ lọ ní gbọọrọ lórí pápá. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó mọ̀ pé ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń gbé e jáde.